Ìjà inú ìpàdé káńsù: àwọn ìbéèrè tí ará ìlú máa ń bi mí

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ní ìlú kékeré kan tí ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí sẹkitéríàtì káńsù. Bí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá ti jókòó, tí ariwo sì bẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn èèyàn máa ń yà sí: "Akọ̀wé, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé òfin gbà wọ́n láyè?" Ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá, mo wá ní kí n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Orí àga onígi tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, àti nínú ìwé òfin tí mo fowó ara mi rà.

Ta ló ni àṣẹ gan-an, alága ni àbí àwọn káńsẹ́lọ̀?

Àwọn méjèèjì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Alága ló ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Òun ló ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá, òun àti àwọn tó yàn sípò ló sì ń ná owó tí àwọn káńsẹ́lọ̀ bá fọwọ́ sí. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ni aṣòfin, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan tirẹ̀. Àpapọ̀ wọn ni a máa ń pè ní ilé. Wọ́n á yan olórí ilé láàrin ara wọn, olórí yìí ni yóò máa darí ìjókòó.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 1976, tó sọ ètò ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà, alága àti káńsẹ́lọ̀ jọ ń jókòó pọ̀ ni. Ọdún 1991 ni ìjọba ológun yà wọ́n sọ́tọ̀ bí a ṣe ya ààrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aṣòfin. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà tí ojú mi rí ti bẹ̀rẹ̀: alága ń wo káńsẹ́lọ̀ bí òṣìṣẹ́ rẹ̀, káńsẹ́lọ̀ náà sì rò pé òun ló yẹ kóun gba kọ́ńtíráàtì wọ́ọ̀dù òun. Àwọn méjèèjì ló ṣì í mú.

Àwọn nǹkan wo ni káńsù lè pinnu lé lórí?

Ó wà nínú Àtẹ Kẹrin, lẹ́yìn Òfin Ìpilẹ̀ ọdún 1999. Ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò, kíkó ìdọ̀tí, sísọ àdúgbò lórúkọ àti nọ́ńbà ara ilé, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti ọmọlanke. Wọ́n tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ kópa nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìlera. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kó lọ bi ìyá tí wọ́n sọ iwájú ilé rẹ̀ di ààtàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ ohun tí kì í ṣe tiwọn náà. Títì tó la ìlú wa já, ti ìjọba àpapọ̀ ni, síbẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n ń tìtorí kòtò ojú rẹ̀ bú alága. Nígbà tí a bá fi wákàtí méjì pariwo lórí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó wà níwájú wa, wákàtí tí a ò fi béèrè gọ́tà nìyẹn.

Ṣé ará ìlú lè wọ ibi tí wọ́n ti ń jókòó?

Ní káńsù tiwa, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni àyè wa, a kì í sì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá pè wá. Ẹ wọṣọ tó bójú mu, ẹ pa fóònù yín, ẹ má fi orúkọ pe káńsẹ́lọ̀ kankan bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu yín, ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ilé nípasẹ̀ akọ̀wé ilé kí ọjọ́ ìjókòó tó pé, kí ọ̀rọ̀ yín lè bọ́ sínú àjẹ́ńdà, ìyẹn ètò ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń di ìpinnu?

Káńsẹ́lọ̀ kan á gbé àbá dìde. Ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹni tó kín in, àbá náà kú síbẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Bí ó bá rí alátìlẹ́yìn, wọ́n á jiyàn lé e lórí, wọ́n lè tún apá kan rẹ̀ ṣe, olórí á wá bi ilé: àwọn tó gbà kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí kò gbà kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Á tẹ́tí sí ohùn tó pọ̀ jù, á sì fi òòlù kékeré lu tábìlì.

Ibi òòlù yìí ni kí ẹ ṣọ́. Ohùn márùn-ún lè pariwo ju ohùn mẹ́jọ lọ. Bí ó bá rú yín lójú, káńsẹ́lọ̀ yín lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka ìbò lórí ìdúró tàbí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ sì wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ni kó sọ ọ́ o. Bí wọ́n bá ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti pẹ́. Ohun tí a bá fọwọ́ sí báyìí di ìpinnu ilé. Bí ó bá jẹ́ òfin káńsù, irú èyí tó ń dá owó ìjókòó ọjà lé àwọn èèyàn lórí, ó máa ń gba kíkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, alága á sì fọwọ́ sí i kó tó di òfin.

Kí ni wọ́n ń pè ní kórọ́ọ̀mù?

Iye káńsẹ́lọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó kí ìpinnu wọn tó lè dúró. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ yín ló sọ iye náà, ẹ bi akọ̀wé ilé. Bí ẹ bá rí i tí àwọn kan dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n jáde, wọ́n fẹ́ kí iye yẹn má pé ni.

Kí ló dé tó jẹ́ pé orí ibi tí wọ́n máa kọ́ nǹkan sí ni ìjà ti máa ń le jù?

Nítorí pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni wọ́n rówó gbẹ́, wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló sì ń wò ó lójú. Bí wọ́n bá gbé e fún àdúgbò kan, àdúgbò kejì á ka iye ọdún tí wọn ò ti ṣe nǹkan kan fún un, á wá rántí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìlú dó, ẹni tó wá ṣàtìpó, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi á kúrò ní ọ̀rọ̀ omi.

Àpẹẹrẹ tó burú jù nílẹ̀ Yorùbá ni ti Ilé-Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́. Nígbà tí ìjọba ológun dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní 1996, Ife East wà lára wọn. Níbo ni kí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà? Ìbéèrè yẹn ló dáná sun ìlú méjèèjì. Aáwọ̀ àárín wọn ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ilé káńsù máa wà ló jí i dìde ní 1997. Títí di 2000 ni wọ́n fi ń pa ara wọn, tí wọ́n ń jó ilé ara wọn. Ọ̀rẹ́ pínyà, ìyàwó kó kúrò nílé ọkọ. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ káńsù kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ohun tí mo rí tó ràn wá lọ́wọ́ ni kí a fẹnu kò lórí òṣùwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àdúgbò. Ní ọdún kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi fẹ́ dojú ìpàdé rú. Àdúgbò méjì ló ń jà á. Káńsẹ́lọ̀ àgbà kan, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un sí ìjókòó tó ń bọ̀. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra ló jí ní aago márùn-ún ìdájí, ó lọ dúró sí ẹnu kànga àdúgbò méjèèjì, ó ń ka korobá àti kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí ìlà. Nígbà tí ìpàdé pé, ó yọ ewé kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tó ká sí mẹ́rin nínú àpò, ó fi ìka kan tẹ̀ lé ìlà, ó kà á: níbí, korobá 63, 58, 66. Lọ́hùn-ún, 21, 19, 24. Ó ká a padà, ó jókòó. Ẹni tó ti ń gbá tábìlì ní ìjókòó àkọ́kọ́ ló kín àbá náà lẹ́yìn. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó parí ìjà báyẹn rí.

Wọ́n ṣèlérí fún wa nínú ìpàdé, wọ́n tún ń sọ pé àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Kí la lè ṣe?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí.

Odò kékeré kan ya àdúgbò wa sí méjì. Nígbà òjò, àwọn ọmọ ilé ìwé á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé báàgì lé orí, ẹ̀gbọ́n á sì di àbúrò mú lọ́wọ́ kọjá. A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé tí káńsù pè fún àwọn ará ìlú lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀gá káńsù dìde, wọ́n ní kí ọdún ó tó parí, afárá yóò ti dúró. A pàtẹ́wọ́. Ìyá Ọlọ́jà dá orin, gbogbo gbọ̀ngàn gbè é. Èmi náà kọrin, ìwé àkọsílẹ̀ mi sì wà ní pípadé lórí itan mi.

Ọdún parí, kò sí afárá. Ọdún kejì, wọ́n ti pààrọ̀ àwọn ọ̀gá. A padà lọ, wọ́n gbé míníìtì ìpàdé yẹn jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sí. Òṣìṣẹ́ kan ṣí i síwájú mi. Lórí ọ̀rọ̀ wa, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "A kí àwọn ará àdúgbò káàbọ̀." Ariwo, ìpàtẹ́wọ́, orin, ìlérí, kò sí èyí tó wọ inú ìwé. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dìde.

Nítorí náà, bí ìpàdé bá ṣèlérí fún yín, kí ẹnì kan nawọ́ sókè lójú ẹsẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó wọ inú míníìtì." Kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹ kọ lẹ́tà: ní ọjọ́ báyìí, nínú ìpàdé báyìí, ẹ sọ báyìí fún wa, a dúpẹ́, a ń retí rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí ẹ máa mú padà sílé. Bí wọ́n bá ka míníìtì ìpàdé tó kọjá ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an ni ibi àtúnṣe. Káńsẹ́lọ̀ yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé wọ́n fo ohun kan nínú rẹ̀.

Tí wọn ò bá fẹ́ fi ìwé hàn yín, òfin tó fún ará ìlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba wà láti 2011. Ẹ kọ̀wé, ẹ sọ ìwé tí ẹ fẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin ọjọ́ 7. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin náà kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo wọn.

Ní ti afárá wa, ìgbà tí káńsẹ́lọ̀ gbé e wá gẹ́gẹ́ bí àbá, tó di ìpinnu tó ní nọ́ńbà, tó sì bọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ló tó di afárá. Kò fẹ̀ tó bí a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń wọ bàtà kọjá lórí rẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n jí ọ̀pá àṣẹ gbé. Ṣé wọ́n ti yọ alága nìyẹn?

Rárá. Ọ̀pá àṣẹ ni àmì pé ilé wà lórí ìjókòó, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sáré gbé e nígbà tí ìjà bá dé. Ẹni tó gbé e sá kò yọ ẹnikẹ́ni. Nínú òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, yíyọ alága gba ẹ̀sùn tí a kọ sílẹ̀, ìfọwọ́sí, kí a fún un ní àyè láti wí tẹnu rẹ̀, àti ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn káńsẹ́lọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé "wọ́n ti yọ ọ́" ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ béèrè bí ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ṣe wáyé ní òru kan.

Ṣé gómìnà lè tú káńsù tí a dìbò yàn ká?

Kò lè ṣe é. Abala 7 Òfin Ìpilẹ̀ sọ pé káńsù tí aráàlú dìbò yàn ni ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n tú àwọn káńsù Èkìtì ká ní 2010, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kò bófin mu ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2016. Wọ́n tú ti Ọ̀yọ́ ká ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà sọ ohun kan náà ní oṣù Karùn-ún 2021. Ẹ wo ọjọ́ wọ̀nyí: nígbà tí ìdájọ́ Èkìtì fi máa dé, ọdún mẹ́fà ti lọ, sáà àwọn tí a dìbò yàn ti tán. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n jàre, àga ti bọ́.

Owó wọn dà?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni owó tó ń ti Àbújá wá máa ń gbà kọjá, abala 162 ló dá àpò náà sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èyí tí wọ́n fẹ́ yọ ló ń dé ọ̀dọ̀ káńsù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, àti pé káńsù tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìdájọ́ ni ìyẹn. Èyí tó kan ẹ̀yin ni pé kí ẹ máa béèrè bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù yín lọ́dọọdún, kí ẹ sì wo ibi tí orúkọ àdúgbò yín wà nínú rẹ̀.

Àwọn káńsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ń kọ́?

Òfin Ìpilẹ̀ kò dárúkọ wọn. Èkó dá 37 sílẹ̀ ní 2003. Ní oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ lágbára láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tiwọn. Ẹ ṣì lè lọ sí ìpàdé wọn, ẹ ṣì lè kọ̀wé sí wọn.

Kí ni ipa Kábíyèsí nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Òfin Ìpilẹ̀ 1999 kò fún ọba ní ìbò nínú káńsù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ní ìlú kékeré mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti jiná ní ààfin kó tó dé gbọ̀ngàn. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ìlú wa ti bọ́ lọ́wọ́ ìtàjẹ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé Kábíyèsí pe àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jà wọlé lóru. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ní ààfin, kí wọ́n sì gbé e wá síwájú ilé. Àwọn obìnrin ọjà àti àwọn ọ̀dọ́ kì í sí níbẹ̀ lóru yẹn, orí wọn ni ìpinnu náà sì máa ń sọ̀ sí.

Wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lọ́jà wa. Ṣé kí a kọ̀ ni?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè òfin tó gbé e kalẹ̀. Ìyá aláta kan kó tíkẹ́ẹ̀tì wá bá mi, ó ti fi okùn rọ́bà dì wọ́n: aláwọ̀ ewé ti àárọ̀, aláwọ̀ pupa ti ọ̀sán. A mú un tọ akọ̀wé ilé lọ. Aláwọ̀ ewé ní òfin káńsù lẹ́yìn. Aláwọ̀ pupa kò ní nǹkan kan, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn agbowó ọ̀sán kò wá mọ́.

Owó tí wọ́n dá lé ènìyàn láìbá a sọ̀rọ̀ ti mì ìlú tó tóbi ju tiwa lọ. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ta ko owó-orí títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ kò jà torí owó-orí nìkan. Ọ̀nà oko tó bàjẹ́ àti ìwà àwọn agbowó káńsù wà nínú ẹ̀sùn wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n jó ọ́fíìsì, kí ìjọba tó dín owó náà kù. Bí ẹnì kan bá ti jókòó tì wọ́n ṣáájú, tó kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sílẹ̀, mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá máà kú.

Báwo ni kí n ṣe sọ̀rọ̀ tí wọ́n á fi gbọ́ mi?

Ẹ kí àwọn àgbà, ẹ tọrọ gáfárà, ẹ sọ àdúgbò yín. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo. Ẹ sọ iye ilé tó kàn, ẹ mú fọ́tò lọ́wọ́. Ẹ má dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí inú bá ń bí yín, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́.

Ṣé mo lè fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀?

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí ìjókòó kí ẹ tó ṣe é. Bí ó bá ní rárá, bírò kò ní òfin tó dè é.

Wọ́n ti dìbò, àdúgbò wa ló pàdánù. Ṣé ó ti parí?

Kò parí. Káńsẹ́lọ̀ yín lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn àti ìdí rẹ̀, ó sì tún lè gbé ọ̀rọ̀ náà padà wá ní àkókò tí òfin ilé bá gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tó dára jù ni kí ẹ béèrè ohun kejì lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwọn tó borí ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé gáréèjì tuntun fún òdìkejì ìlú, tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń dìde láti bínú jáde, káńsẹ́lọ̀ wa ní òun fara mọ́ ọn, kí wọ́n ṣáà ṣe gọ́tà òpópónà wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ gáréèjì. Wọ́n gbà. Èmi ni mo sọ fún un pé kó ní kí wọ́n kà á sókè kó tó jókòó. Ojú ìwé 14 nínú míníìtì ló wà. Gọ́tà náà ti dé iwájú ilé kẹta báyìí.